Ìrìn Àjò Èmi àti Ìbídùn sí Ìlú Ọ̀kín

Ẹ sún mọ́ inú àtíbàbà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òjò yìí kò ní í dá bọ̀rọ̀, ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀ kò sì lè bó ara rẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ bó o, kí ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi. Ẹ má wo orúnkún mi tó ń dún kọ̀ọ̀ bí mo bá dìde, kí ẹ rò pé báyìí ni Ọlọ́run ṣe dá mi. Èmi Ọdẹ́rìnlọ́ ọmọ Ọdẹ́tóyè ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí tó pẹ̀yìn dà, èmi tí mo yìnbọn sókè ní ọjọ́ kan tí àṣá méjì já bọ́, tí ẹ̀kẹta sì fúnra rẹ̀ wá bà lé mi léjìká, tó ní kí n má wulẹ̀ fi ẹ̀tù ṣòfò. Lájídé, máa rẹ́rìn-ín nìṣó. Bàbá rẹ ló bá mi gbé àwọn àṣá náà délé.

Ẹ mọ bí ìlú Ìdí-Apá wa yìí ti máa ń rí bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrókò á rúwé, ẹ̀gà á bo orí ọ̀pẹ, àwọn akọ wọn á pa aṣọ ọyẹ́ dà, wọn á pupa bí ìyeyè. Òdèrékókó á máa ké lórí òrùlé, ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ á máa pariwo lórí ìbẹ́pẹ bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀keje, a kò gbọ́ ohùn ẹyẹ kan ṣoṣo. Ilẹ̀ ń mọ́, ìlú pa lọ́lọ́ bí ilé tí wọ́n ti gbé òkú jáde.

Kòkòrò ló gba ipò ẹyẹ. Kòkòrò ajewé jáde láti inú ilẹ̀, ó bo àgbàdo, ó jẹ ẹ́ dé ìdí. Ó jẹ ewé ẹ̀gẹ́, ó jẹ ewé iṣu, ó jẹ ìmọ̀ ọ̀pẹ tí a fi bo ilé. Bí o bá sùn, wàá gbọ́ ẹnu wọn lórí òrùlé, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kí oṣù kẹta tó pé, ebi ti mú kí a sin ọmọdé mọ́kànlá. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi gbẹ́ ibojì mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí a sin ìkọkànlá, ní ọ̀sán gangan, Àkàlàmàgbò fò wá, ó bà sórí ògiri ilé Baálẹ̀. Òun ni ẹyẹ àkọ́kọ́ tí a rí láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, inú wa sì fẹ́ dùn kí ó tó la ẹnu.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìdí-Apá, Ọ̀kín ọba wa kí yín, ìkíni rẹ̀ kò sì dára. Ìgbà àkọ́rọ̀ òjò ni ìgbà ìbímọ tiwa. Ìgbà náà gan-an ni ẹ ń pa wá lórí ẹyin. Ẹ ń gbé ìyá lọ sí ìṣasùn, ọmọ ń kú sínú èèpo. A ti kó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí á padà, ẹ rán ènìyàn méjì sí wa: ẹni tó pa wá jù nínú yín, àti ẹni tí kò tíì fi ẹran wa kan ẹnu láti ìgbà tó ti gbọ́n. Ẹni ìṣáájú yóò jẹ́wọ́, ẹnì kejì yóò bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti jáde nílé, wọn kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ sílẹ̀."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí gbogbo ojú fi yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtìjú ló yẹ kó bá mi, ṣùgbọ́n ìgbéraga ló dé. Mo ta àyà jáde, mo ní, "Èmi ni! Ta ló tún kù?" Ojú wá yí sọ́dọ̀ Ìbídùn.

Ìbídùn ni ọmọ àbúrò mi obìnrin, Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ fótò ló ń ṣe. Òun ló ń ya ìyàwó, òun ló ń ya ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, á gbé kámẹ́rà rẹ̀ elẹ́nu gígùn kọ́rùn, ó di inú igbó. Á dùbúlẹ̀ nínú koríko láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí, kó lè ya ẹyẹ kan tó ń fi ẹnu bọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn kan ń bú u lẹ́yìn pé obìnrin tó ń bá ẹyẹ rìn, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń dọ́gbọ́n wí. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ó bá mi níbi tí mo ti ń lọ́ àdàbà kan lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ ẹyẹ mọ́, ìbáà jẹ́ adìẹ ọdún.

Ìkókó mẹ́rin ni Àwẹ̀ró bí, Ìbídùn nìkan ló dúró. Ní àárọ̀ tí a ó lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ohun tí mo ní láyé. Ẹ bá mi mú un padà wá."

Mo ní, "Àwẹ̀ró, dìde. Ohun tó bá fẹ́ kan ọmọ rẹ, ara mi ni yóò kọ́kọ́ bá."

N kò ní í ka ìṣísẹ̀ fún yín, nítorí ìrìn kò yàtọ̀ sí ìrìn. Ibi tí ẹnu ti yà mí ni n ó sọ. Igbó àkọ́kọ́ tí a wọ̀ kò ní ìró kankan. Ewé já bọ́, kò dún. Omi ń ṣàn, kò dún. Láàárín rẹ̀ ni ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Etíkún wà. Ó ga tó igi àràbà, kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Etí ló bo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, àwọn kan fẹ̀ bí ewé kókò, àwọn kan kéré bí èékánná. Ohun tó bá ti dún, ibẹ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ lé. A rí egungun ènìyàn tó wọ inú ilẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tẹ ewé mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ mi lọ sídìí ìbọn. Ìbídùn fi ọwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ mi, ó mi orí. Ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ ya ẹyẹ, ó fà mí tẹ̀ lé ara. A jókòó. Láti ìgbà tí ìrì ṣì wà lára koríko títí òjìji wa fi gùn lọ sí ìhà kejì, a kò mira. Ìjàlọ gun ẹsẹ̀ mi, ó wọ inú ṣòkòtò mi, ó ṣe mí bó ti wù ú. Èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún! Mo ki àpò ọdẹ mi bọnu, mo ń sunkún láìdún. Etíkún tẹ orí wá, etí rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irun mi. Kò gbọ́ nǹkan. Nígbà tó yá, ó yí padà, ó lọ. Ìbídùn dìde, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rìn, èmi náà ń fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rìn, títí a fi gbọ́ tí afẹ́fẹ́ dún.

Mo ní, "Ká ní mo yìnbọn ni, ó ti kú."

Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, tí ìbọn bá dún, ta ló máa kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ wà?"

Mo kàn ń họ ara.

Ìlú tí a tún dé ni Ìlú Alátè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ àtè mọ́. Oje igi ọ̀dán ni, a ó sè é títí yóò fi lẹ̀, a ó fi ra ẹ̀ka igi, ẹyẹ tó bá ti bà lé e kò lọ mọ́. Gbogbo ìlú yìí ni wọ́n fi àtè rẹ́. Ara ògiri rẹ̀ ń dán, ilẹ̀ rẹ̀ ń fà. Àwọn apẹyẹ tó ti kú ni wọ́n kún ibẹ̀, oníkálukú lẹ̀ mọ́ àpótí rẹ̀, eṣinṣin bo ojú wọn, wọn kò lè gbé ọwọ́ láti lé e. Omi ni wọ́n ń bèèrè. Ní ẹnu ọ̀nà, mo rí Bàbá Láńpẹ́jọ, ẹni tó kọ́ mi ní àtè sísè, tí a ti sin láti ọdún méjìdínlógún.

Mo dọ̀bálẹ̀ lókèèrè. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ́, o ti dé? Ìjókòó rẹ nìyí. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà." Lóòótọ́, àpótí kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fà sẹ́yìn, mo di òpó mú, àtẹ́lẹwọ́ mi sì lẹ̀ mọ́ òpó gbáá.

Bàbá Láńpẹ́jọ ní, "Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mi ló ń kọjá. Kí ni ohun tí o bá wò tí o kò mú un, ó di tìrẹ. Bí o bá sì mú un, o ti pàdánù rẹ̀?"

Kíá ni mo dáhùn. Mo ní, "Ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹni!"

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, òpó náà tún fà mí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìbídùn ní, "Ẹyẹ igbó ni, Bàbá."

Arúgbó náà wò ó pẹ́. Omi jáde lójú rẹ̀, eṣinṣin sì bo omi náà. Ó ní, "Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ní ẹsẹ̀! Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lágbára lórí òpó." Àtè ibẹ̀ kò mú Ìbídùn, nítorí kò pa ẹyẹ rí; ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà mí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mo já, awọ mi kù síbẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ rí ìlà kankan níbẹ̀? Ó ya aṣọ ìborùn rẹ̀, ó fi dì mí lọ́wọ́, ó sì bu omi tó kù nínú kèrègbè wa, ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ó ń fún àwọn òkú náà mu. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé? Ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n."

Lẹ́yìn ìlú yìí ni a bọ́ sí orí pápá kan tí kò lópin. Koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí èso, kò sí odò, kò sí ẹran, àfi ìrì tí à ń lá lára ewé ní òwúrọ̀. Oúnjẹ wa tán ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta, a kò jẹ. Ọjọ́ kẹrin, a kò jẹ. Ọjọ́ karùn-ún ní òwúrọ̀, Ìbídùn dá mi dúró, ó nàka. Ní ìdí koríko kan, àpárò kan wà lórí ẹyin rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ti gbẹ bí igi ìdáná, síbẹ̀ ó dojú bolẹ̀, ó ń fàyà wọ́ lọ síwájú, ó dúró, ó tún wọ́. Ó pẹ́ kí ó tó dé ibi tó fẹ́. Mo gbọ́ tí kámẹ́rà ń dún, kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́. Ẹyẹ náà dìde lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀, méje ni, ó tún jókòó. Ìbídùn padà wá, ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó jẹ iyán. Ó fi fótò náà hàn mí lójú dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Ó ní, "Ẹ wo ojú rẹ̀, Bàbá. Ó rí mi, kò sì sá. Bóyá òun nìkan ni kò bá wọn lọ, nítorí ẹyin rẹ̀."

A kò tíì rìn jìnnà sí ibẹ̀ tó fi ṣubú. Mo gbé e sábẹ́ igi kúkúrú kan. Ètè rẹ̀ ti funfun, ó ń pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Mo ta omi ìrì sí i lójú, kò la ojú. Mo rántí bí Àwẹ̀ró ṣe di ẹsẹ̀ mi mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró díẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ẹ lè mú un, ẹ lè fi í sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni kí ẹ gbọ́.

Mo padà síbi ẹyẹ náà. N kò wọ́ nílẹ̀, n kò fara pamọ́. Mo rìn lọ bá a bí ènìyàn ti ń rìn lọ síbi ìkòkò. Kò fò. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó rò pé èmi náà kàn fẹ́ wo òun ni. Mo nawọ́, mo lọ́ ọ lọ́rùn. Mo ń sọ fún ara mi pé òfin ní kí a má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan kò sì ta. Ọgbọ́n ọdẹ! Mo lọ tu ìyẹ́ rẹ̀ níbi tó jìnnà, mo sun ún, mo yọ gbogbo egungun rẹ̀ kúrò, mo ya ẹran náà wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó jẹ́. Kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn, mo ti jẹ itan kan.

Mo fi díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó la ojú. Ó ní, "Kí lẹ rí, Bàbá?"

Mo ní, "Òkété ni. Mo bá a nínú ihò."

Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó lá ewé tí mo fi gbé e wá. Ó ní, "Òkété yìí mà dùn o. Ẹ ṣeun, Bàbá Ọdẹ. Ẹ ti gba ẹ̀mí mi là." Ó dìde, a ń lọ. Ó ń sọ ìtàn fún mi lójú ọ̀nà, n kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nígbà tí a dé Ìlú Ọ̀kín. Igi ibẹ̀ kò ní ewé. Ẹyẹ ló bo ẹ̀ka wọn. Agbe wà níbẹ̀, àlùkò wà níbẹ̀, odídẹrẹ́, ẹ̀gà, olongo, ológoṣẹ́, gbogbo àwọn tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ẹgbàágbèje wọn, ẹyọ kan kò ké. Ojú wọn nìkan ló ń tẹ̀ lé wa. Lórí òkúta kan ní àárín ni Ọ̀kín wà. Ẹ ti gbọ́ nípa ẹwà rẹ̀? Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tu gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀. Awọ rẹ̀ ló kù, ó pọ́n, ó sì hunjọ, bí ọmọ tí wọ́n bí kò pé oṣù.

Ó ní kí n jẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti tàkúté mi, mo sọ ti àtè mi, mo sọ ti ìbọn. Ó pẹ́ púpọ̀. Gbogbo ẹyẹ tí mo bá dárúkọ, àwọn ìbátan rẹ̀ á tẹ orí ba lórí ẹ̀ka.

Ó wá kan Ìbídùn. Kò ṣe ẹjọ́ wẹ́wẹ́. Ó ní, "Kábíyèsí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí mo rí láti ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo gbé wá." Ó tan kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń yí i. Àwọn ẹyẹ fò wá, wọ́n bà lé e lórí, wọ́n bà lé e lápá, wọ́n ń wo ojú dígí náà. Ẹ̀gà rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń hun ilé. Olongo kan kígbe pé, "Ìyá mi nìyẹn! Ẹnu rẹ̀ ló fi ń bọ́ mi yẹn!" Òmíràn ní, "Àbúrò mi rèé kí wọ́n tó pa á!" Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń yọ̀. Àdàbà kan ṣèèṣì ké lórí igi, òmíràn sì gbè é. Ohùn tí a kò gbọ́ láti oṣù mẹ́ta! Orí mi wú. Ọ̀kín pàápàá na ọrùn. Ó ní, "Obìnrin yìí kò gba nǹkan lọ́wọ́ wa rí. Bí irú rẹ̀ bá wà ní Ìdí-Apá, a lè padà."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ku ọ̀kan, Kábíyèsí. Èyí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo yà láyé mi." Ó tẹ ẹ́. Àpárò náà yọ sójú dígí lórí ẹyin rẹ̀.

Akọ àpárò kan jáde láàárín èrò. Ó ti fò láti ọ̀nà jínjìn, ìyẹ́ rẹ̀ kún fún eruku. Ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn. Mo lọ wá oúnjẹ fún un. Nígbà tí mo padà, ẹyin nìkan ni mo bá, ó ti ń tutù. Ẹ̀yin tí ẹ rí i, níbo ló lọ?"

Ìbídùn ní, "Àná ni a rí i lórí pápá. Orí ẹyin ló wà. Wíwò ni a wò ó, a kò fọwọ́ kàn án." Ó sì yí sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, kí n lè bá a jẹ́rìí. Ó ní, "Àbí, Bàbá Ọdẹ?"

Mo wo ilẹ̀.

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́, láìmira, bó ti máa ń wo ohun tó wà nínú igbó títí ohun náà á fi fara hàn. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́, ó nu ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún nù ún.

Ó ní, "Òkété, Bàbá?"

Gbogbo ẹyẹ tó wà lára rẹ̀ fò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wólẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní kò mọ̀, mo ní ebi ló fẹ́ pa á, mo ní èmi ni kí wọ́n pa. Ọ̀kín gbé apá sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ní, "Ìyá ti kú, ẹyin kò tíì kú tán. Ẹni tí ẹran ìyá wà lára rẹ̀ ni yóò jókòó lé wọn."

Mo ní, "Èmi náà jẹ ẹ́! Mo jẹ itan rẹ̀! Èmi ni kí ẹ fi jókòó!"

Ó ní, "Ìwọ? Kò sí ọmọ tí yóò gba abẹ́ rẹ jáde. Òórùn ẹ̀tù ti wọ egungun rẹ."

Ìbídùn bèèrè pé, "Bí wọ́n bá pa tán, ṣé mo lè máa lọ sílé?"

Ọ̀kín ní, "Ẹni tó bá jókòó lé ẹyin wa títí tó fi pa kì í ṣe ènìyàn mọ́."

"Ìlú wa ńkọ́?"

"Bí o bá ti jókòó báyìí, kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti dé ọ̀hún."

Ó ṣírò nǹkan lórí ìka rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣírò. Àwọn ọmọ tí a ti sin ni, àti àwọn tó kù. Àwọn ẹyẹ ti fò lọ fi ewé gbé ẹyin méjèèje wá síwájú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbá ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ó rọra jókòó lé wọn. Ara rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó kan òtútù wọn. Ìyẹ́ àkọ́kọ́ sì yọ ní ọrùn rẹ̀, ó kéré, ó ní tóótòòtó pupa bí ilẹ̀.

Ó bọ́ okùn kámẹ́rà lọ́rùn, ó nà án sí mi. Ó ní, "Ẹ yà mí. Ibi tí ìka mi wà yìí ni kí ẹ tẹ̀."

Èmi tí ọwọ́ mi kò gbọ̀n níwájú ẹfọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ewé.

Mo ní, "Ìbídùn, kí ni kí n sọ fún ìyá rẹ?"

Ó ní, "Ẹ má sọ fún un pé mo kú. Ẹ má sì sọ pé mo wà láàyè. Ohun tí ẹ ṣe ni kí ẹ sọ." Ohùn rẹ̀ ti ń dín kù. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ẹyẹ gbéra. Ilẹ̀ ṣókùnkùn lábẹ́ wọn, ìjì apá wọn gbé mi, n kò mọ ibi tí mo gbà. Ìgbà tí mo la ojú, mo wà ní ẹ̀bá oko wa, ẹyẹ sì ti bo gbogbo ìlú, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ lórí igi, lórí òrùlé, nínú ebè. Àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Wọ́n gbé mi sí èjìká, wọ́n ń kì mí, "Ọdẹ́rìnlọ́, akin tó lọ tó bọ̀!" Láti òkè níbẹ̀ ni mo ti rí Àwẹ̀ró. Kò bá wọn jó. Ẹ̀yìn mi ló ń wò, ojú ọ̀nà tí mo gbà wọlé.

Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Mo lọ bá a, mo gbé kámẹ́rà náà lé e lọ́wọ́, mo sì sọ ọ́ fún un lójú gbogbo ìlú, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, n kò fi itan tí mo jẹ pamọ́. Ẹyẹ nìkan ló ń ké.

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó bi mí pé, "Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu?"

Mo ní, "Ó dùn mọ́ ọn. Ó lá ọwọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó yípadà, ó wọlé.

Ó tẹ fótò tí mo yà náà jáde. Kò mọ́. Orúnkún ọmọ náà ló hàn, àti koríko, àti apá kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá ọwọ́ ni tàbí ìyẹ́. Ó gbé e kọ́ ògiri. Ọdún kẹtàdínlógún rèé. Àràárọ̀ ni àbúrò mi ń gba iwájú ilé mi kọjá lọ sí odò, á kúnlẹ̀ bó ti yẹ kí àbúrò kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un rí, kò sì jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má sọ ọ́. Mo ti dojú kọ Etíkún, mo ti fi awọ mi sílẹ̀ ní Ìlú Alátè. Kò sí èyí tó ń bà mí lẹ́rù tó ìkíni yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, èmi Ọdẹ́rìnlọ́ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n ó máa retí rẹ̀.